Ọkọ Olùdíje

Akíntáyọ̀ kò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ wọlé ìbò, kò sì rí ẹni tí ó máa sọ ọ́ fún.

Kì í ṣe pé ó kórìíra rẹ̀. Ká ní ìkórìíra ni, ọ̀rọ̀ náà ì bá rọrùn. Ó fẹ́ràn Ojúọlá débi pé bí tréènì ọjọ́ Jímọ̀ bá pẹ́ ní Hamburg, tí wọ́n ń kéde lórí ẹ̀rọ pé kí èrò má bínú, á máa rìn síwá sẹ́yìn bíi ọmọ tí wọ́n gbàgbé sí ilé-ìwé. Ọdún karùn-ún rèé tí ó ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Á ṣiṣẹ́ ní èbúté Hamburg láti ọjọ́ Ajé, á wọ tréènì lọ bá ìyàwó àti ọmọ ní Berlin lọ́jọ́ Jímọ̀, á sì tún kọrí padà kí ọ̀sẹ̀ tuntun tó mọ́.

Ẹnjiníà ni. Àwọn kiréènì gàgàrà tó ń gbé kọ̀ǹténà sọ̀kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ojú omi, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń tọ́jú wọn. Bí ó bá gun orí kiréènì lówùúrọ̀, tí kùrukùru ṣì bo odò Elbe, tí ó ń gbọ́ fèrè ọkọ̀ láìrí ọkọ̀, ó máa ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé ibo ni òun tún ti máa rí irú iṣẹ́ yìí. Ojúọlá ní tirẹ̀, agbẹ̀bí ni, Hebamme bí wọ́n ṣe ń pè é níbẹ̀. Hellersdorf ló ń gbé, ní ìpẹ̀kun Berlin lápá ìlà-oòrùn, níbi tí àwọn ilé alájà tò ti ara wọn lọ bíi páálí tí wọ́n kó sílẹ̀ de ọkọ̀ ẹrù. Ó máa ń lọ láti ilé dé ilé, lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Á wọn ọmọ, á wo ìwọ́ rẹ̀, á kọ́ ìyá bí yóò ṣe gbé ọmú sí i lẹ́nu. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí òpópónà kan níbẹ̀ tí kò tíì gbé ọmọ jòjòló lọ́wọ́ rí.

Àdéhùn wọn ni pé bí ooru bá ti kásẹ̀ nílẹ̀ lọ́dún yìí, Ojúọlá àti Ṣìmí, ọmọ wọn ọlọ́dún méje, á kó wá sí Hamburg. Akíntáyọ̀ ti rí ilé kan ní Bergedorf. Yàrá mẹ́ta ni, èyí tó kéré jù kọjú sí ọgbà. Ó ti yan ọ̀dà ògiri yàrá ọmọ náà pàápàá.

Ìgbà òtútù ni ọ̀rọ̀ ìbò dé. Ní Hellersdorf, ìgbìmọ̀ méjì ni àwọn èèyàn ń dìbò yàn. Ọ̀kan ni ti àdúgbò, tí wọ́n ti ń jíròrò lórí iná òpópónà àti pápá ìṣeré àwọn ọmọdé. Ojúọlá ti wà níbẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan, kò sì gbà á lákòókò púpọ̀. Èkejì ni ti òkè, ilé aṣòfin gbogbo ìpínlẹ̀ Berlin, tí wọ́n ń pè ní Abgeordnetenhaus. Ọkùnrin tí ẹgbẹ́ wọn fẹ́ fà kalẹ̀ fún ti òkè yẹn ṣàìsàn. Ni Maximilian, olùkọ́ ilé-ìwé gíga kan tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ náà ládùúgbò, bá gbé àkàrà òyìnbó dání wá sílé Ojúọlá, ó wá bẹ̀ ẹ́.

Ojúọlá pe Hamburg lọ́jọ́ náà.

"Táyọ̀, wọ́n ní kí n wá du ipò yẹn o."

"Ipò wo?"

"Ti òkè. Ti ìpínlẹ̀."

Oúnjẹ wà lẹ́nu Akíntáyọ̀. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ló ń ṣírò. Ẹgbẹ́ ìyàwó rẹ̀ kò wọlé rí ní agbègbè yẹn. Anna tó wà lórí àga náà ti pẹ́ níbẹ̀, àwọn èèyàn sì mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ojúọlá á jáde, á sọ tinú rẹ̀, á fìdí rẹmi, ọkàn rẹ̀ á balẹ̀, wọ́n á sì kó ẹrù.

"Tó bá wù ẹ́, ṣe é," ni ó wí.

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú."

Ohun tí Akíntáyọ̀ kò ṣírò mọ́ ọn ni ìbínú Ojúọlá. Ọdún tó kọjá ni wọ́n ti ibùdó kan pa, ibi tí àwọn aláboyún Hellersdorf ti ń lọ gba ìtọ́jú àti ìmọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Láti ìgbà náà, obìnrin tí oyún rẹ̀ ti wọ oṣù á wọ U-Bahn, tréènì ìgboro, la ìlú já kí wọ́n tó fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Ojúọlá ti bá méjì nínú wọn gbẹ̀bí lójijì nínú ilé, nítorí pé wọn kò dé ibi tí wọ́n ń lọ. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa ibùdó yẹn, ohùn rẹ̀ á lọ sílẹ̀, kì í pariwo, ó sì máa ń jẹ́ pé bí ohùn náà bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni àwọn èèyàn á máa sún mọ́ ọn. Láàárín oṣù díẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́mọ ní Hellersdorf.

Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù keje, Akíntáyọ̀ wọlé ó bá Maximilian nínú ilé ìdáná, máàpù àdúgbò wà lórí tábìlì, ìrẹsì wà lórí iná. Ṣìmí fò mọ́ bàbá rẹ̀ lọ́rùn.

"Papa, Mama gewinnt vielleicht!"

"Ó ní kí ni?" Akíntáyọ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ó ti gbọ́ ọ dáadáa.

"Jókòó kí n tó sọ ọ́," ni Maximilian wí. Ojú rẹ̀ ti pọ́n bíi tòmátì. "Àwọn tó ń fọ̀rọ̀ wá àwọn olùdìbò lẹ́nu wò ti gbé èsì jáde. Ìyàwó rẹ ti ń tẹ Anna ní gìgísẹ̀. Ó lè wọlé, Akin. Kò dájú o, ṣùgbọ́n ó lè wọlé."

Ojúọlá kò wo Maximilian. Ọkọ rẹ̀ ló ń wò.

Akíntáyọ̀ pàtẹ́wọ́, ó dì mọ́ ọn, ó ní, "Ojúọlá mi! Ìyá Ṣìmí! Onípò ńlá!" Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé ìwẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ó ṣí omi ẹ̀rọ, ó sì dúró síbẹ̀ tí kò fọ nǹkan kan. Yàrá kékeré tó kọjú sí ọgbà ló ń rí. Ó ń rí ara rẹ̀ tó ń dé láti ibi iṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lásán, tó ń gbọ́ ohùn ọmọ láti ẹnu ọ̀nà.

"Olúwa," ó wí fún omi tó ń dà, "ẹ jẹ́ kó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n kó má wọlé."

Ojú tì í bó ti parí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò gba àdúrà náà padà.

Lọ́jọ́ kejì ó tẹ̀ lé ìyàwó rẹ̀ lọ polongo ìbò láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà. Ojúọlá ló ń kan ìlẹ̀kùn, òun ló ń gbé àpò ìwé ìpolongo. Lífìtì ilé àkọ́kọ́ kò ṣiṣẹ́, wọ́n fẹsẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé àjà tó ga jù. Ẹni tó ṣílẹ̀kùn níbẹ̀ jẹ́ ọ̀dọ́bìnrin kan tí irun rẹ̀ tutù, Amelie lorúkọ rẹ̀. Bó ti rí Ojúọlá ló figbe ta.

"Hebamme mi!"

Ó fà wọ́n wọlé. Ọmọ kan tó ti ń rìn sá pamọ́ sẹ́yìn aṣọ fèrèsé, ó ń yọjú. Amelie yíjú sí Akíntáyọ̀.

"Ṣé ẹ̀yin lọkọ wọn? Nígbà tí mo bí eléyìí, bàbá rẹ̀ kò sí nílé, ìyá mi kò sì bá mi sọ̀rọ̀. Ìyàwó yín ń wá lójoojúmọ́. Lọ́jọ́ kan mo ń sunkún, n kò lè dìde. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ṣe? Wọ́n fọ abọ́ mi. Gbogbo abọ́ tó wà nílẹ̀. Wọ́n wá jókòó tì mí, wọn ò sọ nǹkan kan."

Akíntáyọ̀ wo ìyàwó rẹ̀. Kò gbọ́ ìtàn yìí rí. Ó ronú ọjọ́ tí yóò jẹ́, ó sì yé e pé ọ̀kan nínú àwọn ọjọ́ tí òun wà lórí kiréènì ni. Bóyá òun tiẹ̀ pè é lálẹ́ ọjọ́ náà, tí Ojúọlá ní kò sí nǹkan kan, ó kàn rẹ òun díẹ̀ ni.

Ní àjà ìsàlẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan tó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì ló yọjú.

"Níbo lẹ ti wá?"

"Láti òpópónà ẹ̀yìn yìí, bàbá. Mò ń gbé nítòsí yín."

"Kí ẹ tó dé ibẹ̀ ni mò ń bi yín."

"Abẹ́òkúta ni. Nàìjíríà."

"N kò ní dìbò fún yín."

"Ó dáa," ni Ojúọlá wí. Kò kúrò níbẹ̀. Ẹsẹ̀ bàbá náà ló ń wò. "Ẹsẹ̀ yín òsì tó wú yẹn, ṣé dókítà ti rí i?"

Bàbá náà bojú wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó tún wojú rẹ̀. Ó ní rárá. Ojúọlá ní kó má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá náà tilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló tì í.

Nígbà tí wọ́n dé ibi tí àtẹ̀gùn ti yà, Ojúọlá jókòó, ó bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ ra àtẹ́lẹsẹ̀.

"Táyọ̀."

"Mo ń gbọ́."

"Ṣé o fẹ́ kí n wọlé?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ìbéèrè ni."

"Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ kẹ̀. Kí ló dé tí mi ò ní fẹ́?"

Ó mi orí, ó wọ bàtà rẹ̀ padà, ó dìde. Láti ibẹ̀ títí wọ́n fi parí ilé náà, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ àfi ti iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn: fún mi ní ìwé méjì, jẹ́ ká kan ti ọ̀tún.

Ní Hamburg, yàrá kan ni Akíntáyọ̀ háyà lọ́dọ̀ Àǹtí Ràdíátù, opó kan tó ti pẹ́ nílùú náà, tó jẹ́ ọ̀gá lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkẹ́rùsí kan ní Billbrook. Obìnrin tí kì í pariwo ni, tí àwọn ọkùnrin onímọ́tò ẹrù sì ń bẹ̀rù. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé, ó ń bẹ iṣu lọ́wọ́ nígbà tí fóònù Akíntáyọ̀ dún. Onílé Bergedorf ni. Ó ní àwọn mìíràn fẹ́ ilé náà. Bí ọ̀gá bá fẹ́ ẹ, kó wá tọwọ́ bọ̀wé kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Akíntáyọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé fóònù kalẹ̀, ó jókòó bí ẹni tí wọ́n dá dúró lójú ọ̀nà.

"Kí ló ń jẹ ẹ́?" ni Àǹtí Ràdíátù bi í.

"Kò sí, mà."

"Mi ò bi ẹ́ bóyá ó wà. Mo ní kí ni."

Akíntáyọ̀ wo ilẹ̀. "Àǹtí, mò ń gbàdúrà kí ìyàwó mi fìdí rẹmi."

Àǹtí Ràdíátù kò ké. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́. "Ó mọ̀?"

"Kò mọ̀, mà."

"Obìnrin tó ń fọwọ́ kan ikùn aláboyún, tó ń mọ ibi tí ọmọ kọrí sí, òun ni kò ní mọ ohun tó wà nínú ọkọ ẹ̀?"

Akíntáyọ̀ mú èèpo iṣu kan nílẹ̀, ó ń ká a.

"Obìnrin tí wọ́n ní ó wà lórí àga yẹn, kí lorúkọ ẹ̀?"

"Anna."

"Anna ń bá a du ipò. Ìwọ náà ń bá a dù ú. Ti Anna tiẹ̀ sàn, torí Anna sọ fún un."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Akíntáyọ̀ lára.

"Kí ni kí n wá ṣe, Àǹtí?"

"Èmi ò mọ̀. Èmi ò sí nínú ìgbéyàwó yín." Ó mú ọ̀bẹ padà. "Èmi àti bàbá Jìmí, a gbé ilé kan náà pẹ́. Àwọn nǹkan tí mo fẹ́ bá a sọ, mo ní tó bá ráyè, tí ara ẹ̀ bá balẹ̀. Fọ́tò ẹ̀ ni mò ń sọ ọ́ fún báyìí. Kò dá mi lóhùn rí." Ó bẹ iṣu díẹ̀ sí i. "Lọ gbé ìkòkò wá. Ebi ń pa mí."

Ní ọjọ́rú, Akíntáyọ̀ gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀, ó wọ tréènì ọ̀sán. Kò pe Ojúọlá. Ó mọ̀ pé ọjọ́ náà ni gbogbo àwọn olùdíje Hellersdorf máa jókòó níwájú àwọn olùdìbò nínú gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan, ó sì fẹ́ dé ibẹ̀ kó tó parí. Nígbà tó wọlé, gbọ̀ngàn ti kún. Ó dúró sẹ́yìn lẹ́bàá ìlẹ̀kùn, láàárín àwọn tí kò ríjòókòó. Ojúọlá wà lókè, Anna wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi wà níwájú àwọn méjèèjì. Ṣìmí jókòó lápá iwájú pẹ̀lú Maximilian, ó ń mi ẹsẹ̀.

Ọkùnrin kan dìde, ó gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn.

"Ìbéèrè mi, ti Hebamme ni. Wọ́n sọ fún mi pé Hamburg lọkọ yín ń gbé. Wọ́n ní ẹ ti ń wá ilé lọ́hùn-ún. Ṣé ká dìbò fún yín lónìí kẹ́ ẹ kó lọ lọ́la ni?"

Ariwo sọ díẹ̀. Maximilian ń fi ojú bẹ Ojúọlá: ó fẹ́ kó sọ pé rárá, kó rẹ́rìn-ín, kí wọ́n bọ́ sí ìbéèrè mìíràn. Ojúọlá fa ẹ̀rọ náà mọ́ra. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

"Òótọ́ ni. Hamburg lọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. A ti jọ ṣàdéhùn tẹ́lẹ̀ pé èmi àti ọmọ mi máa kó lọ bá a. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá dìbò fún mi, n kò lè lọ mọ́, n kò sì ní lọ. Ibí ni màá ti ṣe iṣẹ́ yín. Ṣùgbọ́n n kò tíì bá ọkọ mi jókòó sọ ọ́, nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí. Ọdún márùn-ún ló ti ń wọ tréènì nítorí wa. Kì í ṣe ẹrù tí mo lè gbé sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ kí n sọ pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn, n kò lè sọ ọ́."

Obìnrin kan pàtẹ́wọ́, àwọn kan bá a pàtẹ́. Àwọn mìíràn mi orí, ọkùnrin tó béèrè ìbéèrè náà sì mú jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó jáde. Maximilian dorí kodò sí àárín ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ẹni kan tó dúró ti Akíntáyọ̀ sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ó ti fi ẹnu ara ẹ̀ ba ìbò ara ẹ̀ jẹ́." Omijé kò jẹ́ kí Akíntáyọ̀ rí iwájú dáadáa mọ́. Ó tijú láti nu ojú láàárín èrò, ó jáde, ó lọ dúró lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń so kẹ̀kẹ́ mọ́.

Nígbà tí Ojúọlá jáde tó rí i, ó dúró gbagidi.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ọjọ́rú la wà!"

"Mo mọ̀. Wá jókòó."

Bẹ́ńṣì kan wà lábẹ́ igi. Ṣìmí ti sáré dé, ó ti jókòó sórí itan bàbá rẹ̀, ó tún ti bọ́ sílẹ̀, ó ń fo lórí òkúta pẹlẹbẹ tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀. Oòrùn kò tíì wọ̀.

"Ọlá," ni Akíntáyọ̀ wí, "mi ò fẹ́ kí o wọlé."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀? Látìgbà wo?"

"Látìgbà tí mo ti pè ẹ́ tí o ní tó bá wù mí kí n ṣe é. O kì í sọ bẹ́ẹ̀. Tí nǹkan bá dùn mọ́ ẹ, wàá béèrè, wàá tún béèrè, títí á fi sú mi. Lọ́jọ́ yẹn, o ò béèrè nǹkan kan."

"Kí ló wá dé tí o ò sọ̀rọ̀?"

"Torí pé mo fẹ́ ẹ, Táyọ̀. Mo fẹ́ ipò yẹn gan-an. Mo ń retí kí ìwọ sọ tìẹ, kí n lè bá ẹ jà. Tí o bá ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ ni, báwo ni mo ṣe fẹ́ jà?" Ó rẹ́rìn-ín, omi sì ti dé ojú rẹ̀. "Ṣé o mọ̀ pé a ò jà rí láti ọdún márùn-ún yìí? Ọjọ́ méjì péré la máa ń ní. Ta ló fẹ́ fi jà?"

Akíntáyọ̀ kò ronú kan ìyẹn rí. Ó ti ń fi ṣe fọ́ńté lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé òun àti ìyàwó òun kì í jà.

"Ó dáa," ó ní. "Jẹ́ ká jà."

"Níbí?"

"Níbí. Ṣé o kò mọ̀ pé mo ti ń wá ilé láti ọdún tó kọjá? Ṣé o fojú kéré rẹ̀ ni? Orí fóònù lo ti bi mí nípa ipò!"

"Ìwọ ńkọ́? O yan ọ̀dà yàrá ọmọ mi láìbi mí! Ta ló sọ fún ẹ pé Ṣìmí fẹ́ àwọ̀ ewé? O ń to ìgbésí ayé mi bíi kọ̀ǹténà, o ní kí n kàn wá wọ inú ẹ̀."

"Mo fẹ́ máa rí yín ni!"

"Èmi náà fẹ́ máa rí ẹ! Ṣé o rò pé ó dùn mọ́ mi ni?"

Ṣìmí ti dúró, ó ń wò wọ́n.

"Streitet ihr?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi," ni ìyá rẹ̀ wí. "À ń jà díẹ̀. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí."

Ọmọ náà ronú sí i, ó ní, "Okay," ó sì padà sórí òkúta rẹ̀.

Ìjà náà kò tètè parí o. Ó tẹ̀ lé wọn délé, ó bá wọn jẹun. Ojúọlá jẹ́wọ́ pé àwọn òru kan wà tí òun náà ń gbàdúrà kí Anna wọlé, kí òun lè bọ́ lọ́wọ́ yíyàn. Nígbà tí ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu wọn, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí rèé: ìyàwó wọlé o, kò wọlé o, Berlin ni ilé wọn títí Ṣìmí á fi parí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Akíntáyọ̀ á bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n tún Schicht rẹ̀, ìyẹn àkókò iṣẹ́ rẹ̀, tò, kó máa ṣiṣẹ́ ọjọ́ gígùn díẹ̀, kó sì máa gbé ilé ju bó ti ń gbé lọ. Bí kò bá ṣeé ṣe, á wá iṣẹ́ ní Berlin. Ojúọlá ní òun kò ní kó fi kiréènì rẹ̀ sílẹ̀. Akíntáyọ̀ ní òun gbọ́. Ó pe onílé Bergedorf, ó ní kó fún àwọn mìíràn. Lẹ́yìn tó pa fóònù, Ojúọlá fi ọwọ́ lé e lẹ́yìn, kò sọ fún un pé kó má rò ó.

Ohun kan ṣẹ́kù. Láti ìgbà tí Akíntáyọ̀ ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, Hamburg ni orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ìjọba gẹ́gẹ́ bí ibùgbé rẹ̀. Kò yí i padà nígbà tó gbéyàwó, torí lójú tirẹ̀ àwọn ló ń bọ̀ wá bá òun. Ó gba ọjọ́ ní Bürgeramt, ọ́fíìsì ìjọba tí wọ́n ti ń forúkọ ibùgbé sílẹ̀, ó sì lọ. Obìnrin tó jókòó sẹ́yìn kọ̀ǹpútà wo ìwé rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ ò lè dìbò nínú ti oṣù tó ń bọ̀ yìí? Ó ti pẹ́ jù. Ó yẹ kẹ́ ẹ ti wà lórúkọ níbí ní oṣù mẹ́ta ṣáájú."

"Mo mọ̀."

"Mo sọ ọ́ nítorí pé àwọn kan ń wá, wọ́n máa ń bínú."

"Ìyàwó mi wà lára àwọn olùdíje. N kò lè dìbò fún un. Mo ṣá fẹ́ kí orúkọ mi wà níbi tí orúkọ rẹ̀ wà."

Obìnrin náà tẹ nǹkan díẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. "Àtìgbà tí ẹ ti gbéyàwó ló yẹ kó ti rí báyìí," ó wí, ohùn rẹ̀ tutù, bí ẹni tó ń ka òfin.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Akíntáyọ̀ dáhùn. "Mo pẹ́."

Ọjọ́ ìbò bọ́ sí ọjọ́ Àìkú, oòrùn mú. Ojúọlá wọ bùbá funfun sórí ṣòkòtò dúdú, ó wọlé lọ dìbò. Akíntáyọ̀ àti Ṣìmí dúró sí ìta. Ohun kan ya Akíntáyọ̀ lẹ́nu. Ó fẹ́ kó wọlé. Ó fẹ́ ẹ débi pé ó ń wo ojú gbogbo ẹni tó ń kọjá, ó ń gbìyànjú láti mọ ẹni tó dìbò fún un.

Lálẹ́, wọ́n kó jọ sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́. Maximilian ló ń ka èsì. Ojúọlá ń ṣíwájú, ó ṣì ń ṣíwájú, àwọn èèyàn ti ń gbé ife. Nígbà tí èsì àwọn ibùdó tó kẹ́yìn dé, Maximilian kà á, ó tún un kà, kò sì gbé ohùn sókè mọ́. Anna ló wọlé. Ohun tó fi ju Ojúọlá lọ kò pọ̀. Àwọn tó ń gbé nínú ilé alájà kan lè tó o.

Ojúọlá ló ń rẹ̀ wọ́n lẹ́kún. Ó dì mọ́ Maximilian, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnìkọ̀ọ̀kan, ó gba fóònù Anna tó pè láti kí i. Lẹ́yìn náà ó wá ọkọ rẹ̀, kò rí i. Ìta ló bá a, lẹ́yìn ọkọ̀ tí wọ́n páàkì, ó ń sunkún bí ọmọdé.

"Ìwọ kọ́ ló yẹ kó máa sunkún o."

"Ọlá, àdúrà mi ni. Mo gbà á. Mi ò gba àdúrà náà padà—"

"Táyọ̀! Má fi ara ẹ ṣe Ọlọ́run. Àwọn èèyàn dìbò ni." Ó fi etí bùbá rẹ̀ nu ojú rẹ̀ fún un. Nígbà náà ni ojú tirẹ̀ fúnra rẹ̀ tó yí padà, tí ó gbé iwájú orí lé e láyà, tó sì sunkún díẹ̀, tí Akíntáyọ̀ dì í mú. "Ó dùn mí," ó ní. "Ó dùn mí gan-an."

"Ó dun èmi náà."

"Anna ní òun fẹ́ kí n wá bá òun sọ̀rọ̀ nípa ibùdó àwọn aláboyún yẹn. Mi ò mọ̀ bóyá ẹnu lásán ni."

"Ṣé wàá lọ?"

"Màá lọ. Màá lọ jókòó síbẹ̀ títí á fi sú u."

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà ni wọ́n ní láti tú àwọn pósítà kúrò lára òpó iná. Ọ̀gá Akíntáyọ̀ ti gbà kó máa ṣe ọjọ́ mẹ́rin, kó fi mẹ́ta sinmi; kò tíì dá a lójú pé yóò pẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀, òun ló wà lórí àkàbà, ó ń fi sísọ́ọ̀sì gé okùn, Ojúọlá di ẹsẹ̀ àkàbà mú, Ṣìmí ń gba pósítà nílẹ̀, ó ń tò wọ́n sórí ara wọn, ìyá rẹ̀ lórí ìyá rẹ̀.

Wọ́n dé òpó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì. Akíntáyọ̀ ti gé okùn kan, ó ku ọ̀kan, nígbà tí obìnrin kan tí oyún rẹ̀ ti tóbi yọ sí wọn, tó fọwọ́ di ẹ̀yìn mú. Ó wo pósítà, ó wo Ojúọlá.

"Ẹ̀yin ni," ó wí. "Mo dìbò fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò burú kí n bi yín ní nǹkan? Láti àárọ̀ ni nǹkan kan ti ń fún mi nísàlẹ̀ ẹ̀yìn, ó ń lọ, ó ń bọ̀."

Ojúọlá ti fi àkàbà sílẹ̀. Ó ti mú obìnrin náà lápá, ó ti mú un jókòó sórí àga ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lára ikùn, ó ń bi í ní ìbéèrè jẹ́jẹ́. Àkàbà mì díẹ̀. Ṣìmí ju pósítà sílẹ̀, ó fi ọwọ́ kékeré méjèèjì dì í mú.

"Papa, ich hab dich!"

"Ṣé o dì mí mú dáadáa?"

"Ja!"

Akíntáyọ̀ kò sọ̀kalẹ̀, kò sì pe ìyàwó rẹ̀. Ó dúró sókè níbẹ̀, sísọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ó ń wò ó bó ṣe tẹ́tí sí obìnrin náà, títí wọ́n fi sọ̀rọ̀ tán.